Iná Tí Mo Fi Tépù Bò

Nígbà tí mo kúrò ní Kambolé, n kò rò pé ilẹ̀ àjèjì ni mò ń lọ. Inú Togo náà ni Sokodé wà. Àsíá kan náà ló wà níwájú ilé ìwé wọn àti tiwa, àwòrán Ààrẹ kan náà ló wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì, ọkùnrin kan ṣoṣo tó ti ń ṣe ìjọba kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra búrẹ́dì ní àdúgbò Komah, mo kí ìyá tó ń tà á ní Yorùbá, èdè wa, ó sì wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ pé mo sọ̀rọ̀. Èdè Tem ló fi dá mi lóhùn. N kò gbọ́ ẹyọ kan. Mo nawọ́ sí búrẹ́dì, mo sanwó, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Mò ń wo àwọn ènìyàn tó ń kí ara wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. N kò tíì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Tọ́ńtọ̀n Ràímì ló mú mi wá. Àbúrò ìyá mi ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Tọ́ńtọ̀n ni gbogbo ilé wa ń pè é, bí àwọn tó lọ ilé ìwé Faransé ṣe ń pe arákùnrin òbí wọn. Ọkọ̀ akérò Àlàájì kan tó ń ta aṣọ ní Sokodé ló ń wà. Ó ń ná Sokodé sí Tchamba, ó sì máa ń wọ Kambolé lọ́jọ́ ọjà. Obìnrin kan láti Koussountou gbàgbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Tọ́ńtọ̀n gbé ẹrù yẹn kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko títí ó fi rí i. Tọ́ńtọ̀n ló gbà mí sí iyàrá rẹ̀ ní Komah, òun náà ló sì bá mi bẹ Ọ̀gá Bukarí pé kó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ní gáráàjì Ọ̀gá Bukarí ní àdúgbò Kouloundè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí ní orúkọ. Ọ̀gá gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó ní, "Ó dára, Ànàgó." Orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo àwa tó ń sọ Yorùbá nìyẹn, ó sì di orúkọ mi fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe èébú. Àmọ́ nígbà míì tí mo bá ń fi ọṣẹ fọ òróró kúrò lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń pe orúkọ ara mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí n lè gbọ́ ọ létí.

Díẹ̀díẹ̀ ni Tem wọlé sí mi lára. Ọjọ́ kan, ẹnì kan dá àpárá nípa ọkọ̀ ọlọ́pàá kan tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, mo sì bú sẹ́rìn-ín kí àwọn yòókù tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú wò mí. "Ànàgó ti gbọ́," ló wí. Ó dùn mọ́ mi ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá ẹ́ńjìnnì tú tí mo sì tò ó padà lọ. Nígbà tí mo wá lọ sílé fún Iléyá, àbúrò mi obìnrin ní ọ̀rọ̀ mi ti ń dún bíi ti ará Sokodé. Ní Sokodé, wọ́n ní Tem mi ń dún bíi ti Ànàgó. Mo ronú nípa rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi padà dé Tchamba. Ó dà bí ẹni pé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí èmi ṣe ń sọ ọ́ kò sí mọ́ níbì kan.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń pe ilé. Kábíìnì tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà ní Kambolé. Màá pe oníkábíìnì pé kó ránṣẹ́ sí ìyá mi, màá gbé e sílẹ̀, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí tí mo bá rò pé ó ti rìn dé, kí n tó tún pè. Ìyá mi gbà pé ibi tó jìnnà gba ariwo, nítorí náà ló ṣe máa ń pariwo. Á bi mí bóyá mo jẹun, bóyá mò ń kírun, bóyá àbúrò òun ń tọ́jú mi. Èmi á béèrè iṣu àti àgbàdo. N kò sọ fún un rí pé nígbà ààwẹ̀, tí Tọ́ńtọ̀n bá wà lójú ọ̀nà, èmi nìkan ni mo máa ń ṣínu, tí mo máa ń kọjú sí ògiri kí n má baà gbọ́ ìró àwọn ilé tó yí mi ká, níbi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ní ọdún kẹta mi, Àlàájì ta ọkọ̀ àtijọ́ tí Tọ́ńtọ̀n ń wà, ó ra òmíràn, àlòkù tó ti Yúróòpù dé. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Kò ní kábúrétọ̀. Àpótí kékeré kan tó kún fún wáyà ló ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní kalikilatẹ̀ẹ́. Ọ̀gá kò kọ́ irú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, iná kékeré kan tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn níwájú dírẹ́bà, kò sì kú mọ́. Tọ́ńtọ̀n gbé ọkọ̀ náà wá. Ọ̀gá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní kò sí nǹkan, iná lásán tó ń da dírẹ́bà láàmú ni. Ó ju tépù dúdú sí mi.

"Ànàgó, bò ó."

Mo tú ike iwájú dírẹ́bà, mo gé tépù náà níwọ̀n èékánná, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè mú. Lẹ́yìn náà mo dá ike padà. Tọ́ńtọ̀n wà níta, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Nígbà tó wọ ọkọ̀ tó rí i pé iná kò tàn mọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò sọ fún un pé iná náà ṣì ń jó lábẹ́ ibẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo. Epo tó máa ń gbé e lọ sí Tchamba tó sì máa ń gbé e bọ̀ kò gbé e padà dé Sokodé mọ́. Èéfín dúdú ń jáde ní ìdí rẹ̀. Bó bá dúró níbi tí àwọn ṣójà ti dí ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Tọ́ńtọ̀n fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Àlàájì pé epo ń tán jù. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ epo, ó ń wò ó bó ṣe ń kún, epo náà kò sì dúró. Nígbà tó yá, ó wá sí gáráàjì wa láti wádìí.

Abẹ́ ọkọ̀ mìíràn ni mo wà. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá Bukarí dá a lóhùn pé, "Ẹ́ńjìnnì yẹn kò lárùn kankan. Epo kì í fò. Ẹni tó ń wà á ni kí ẹ bi."

Mo rántí iná náà. Mo rántí pé ẹnu páìpù èéfín ọkọ̀ yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mo tilẹ̀ ti tò ó ní Tem. N kò sọ ọ́. Oṣù díẹ̀ ló kù kí Ọ̀gá fún mi ní ìwé ẹ̀rí, láìsí ìwé yẹn ọdún mẹ́ta mi á ṣòfò. Nígbà yẹn, gbogbo ìlú ló mọ bí a ṣe ń dákẹ́. A ń dákẹ́ níwájú àwọn ṣójà, a ń dákẹ́ ní ọ́fíìsì, a ń dákẹ́ nídìí tábìlì tíì bí àlejò kan bá jókòó. Mo mọ dídákẹ́ ṣe ju iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ. Èyí tó burú jù ni pé apá kan nínú mi ti ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni, bóyá Tọ́ńtọ̀n ń fa epo.

Àlàájì ní kó wá búra. Lẹ́yìn ìrun àsárì ní mọ́sálásí Komah, níwájú àwọn àgbà, Tọ́ńtọ̀n ṣe àlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, ó ní òun kò mú epo Àlàájì rí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, epo ṣì ń tán bákan náà, Àlàájì sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, níṣojú àwọn èrò tó ti jókòó. "Ẹni tó lè fi Àlùkùránì purọ́," ló wí, "kí ni kò lè ṣe?" Tọ́ńtọ̀n mú ẹní ìkírun rẹ̀ àti kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé Komah. Ọjọ́ kejì ló padà sí Kambolé. Ó ní kí n máa gbé iyàrá náà, kí n má sì jẹ́ kí wọ́n jí fèrèsé tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sí i.

Nígbà tí mo pe ilé lóṣù yẹn, ìyá mi kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tẹ tẹlifóònù náà mọ́ etí gan-an.

"Ṣé ó jí i?" ló bi mí.

"Mi ò mọ̀, Màámi."

Ó ní, "Ìwọ tí ẹ jọ ń gbé ò mọ̀?"

Ó wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìbúra náà ti dé Kambolé ṣáájú Tọ́ńtọ̀n. Kì í lọ kí Jímọ̀ mọ́. Oko ló ń sùn. Bó bá kọjá níwájú ilé àwọn ènìyàn, wọ́n á kí i, wọ́n á sì dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Ìyá mi gbé tẹlifóònù fún oníkábíìnì láìdágbére.

Mo dá gbé iyàrá yẹn fún oṣù mẹ́rin. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìdánìkanwà ni kí ènìyàn má gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Ní oṣù mẹ́rin yẹn, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní Komah, títí kan ohun tí wọ́n ń sọ nípa Tọ́ńtọ̀n nídìí omi, kò sì sí ẹnì kan tí mo lè bá sọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Àlàájì gbé ọkọ̀ náà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ràn bí ọmọ inú rẹ̀. Epo ń tán bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò lè pe ọmọ yẹn ní olè, nítorí náà ló ṣe tún gbé ọkọ̀ náà wá sí gáráàjì. Ọ̀gá ti lọ sí Lomé lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀. Èmi ni mo gbà á. Mo yọ búújì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tan iná sí epo, gbogbo wọn ló dúdú bí ẹ̀yìn àdògán. Mo tú ike iwájú dírẹ́bà, mo ṣí tépù náà kúrò. Iná náà ń jó síbẹ̀.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan létí òpópó ní Kouloundè. Ará Manigri ni, ní Benin, lẹ́yìn ibodè; Yorùbá tirẹ̀ àti tiwa sún mọ́ra, mo sì máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Cotonou ló ti kọ́ irú àwọn ọkọ̀ yìí. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ nípa èéfín, nípa epo àti búújì, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pè mí wá, ó fi ohun kan hàn mí tó dà bíi búújì, tí wọ́n dè mọ́ ara páìpù èéfín, wáyà jáde ní ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sọ́ńdì nìyí," ló wí. "Imú ọkọ̀ ni. Òun ló ń gbóòórùn èéfín tó ń jáde, tó ń sọ fún kalikilatẹ̀ẹ́ bóyá epo pọ̀ jù tàbí kò tó. Bó bá ti kú báyìí, epo ò tó, epo ò tó ni á máa sọ. Kalikilatẹ̀ẹ́ á sì máa dà á sí i."

Mo bi í pé, "Epo lè tán bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnì kan jí i?"

"Ta ló jí i?" ló bi mí.

Ó ní kí a má tíì dá sọ́ńdì lẹ́bi, kí a wádìí rẹ̀ ná. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ó wo wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá ó já; kò já. Ó so ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná mọ́ ọn. Ó ní bí sọ́ńdì bá yè, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà á máa lọ sókè sódò láìsinmi. Tiwa lọ sílẹ̀ pátápátá, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fọ́n epo díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn; èéfín dúdú sí i, abẹ́rẹ́ kò mira. Nígbà náà ló ní ó ti kú.

A rí òmíràn lára ọkọ̀ irú rẹ̀ kan tí wọ́n ti tú palẹ̀ nínú ìlú. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Títú èyí tó kú ló le. Ìpáàrà ti so ó pọ̀ mọ́ páìpù. Mo ta òróró sí i lẹ́sẹ̀, mo dúró kó wọlé, mo jẹ́ kí páìpù lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì rọra fi sípánà fà á, nítorí bí mo bá fi agbára ṣe é, ojú ihò á bàjẹ́. Nígbà tó jáde, orí rẹ̀ dì fún èédú. Mo fi ọwọ́ wé tuntun náà wọlé kí n tó fi sípánà mú un le, n kò jẹ́ kí òróró kan imú rẹ̀, mo sì so wáyà rẹ̀ jìnnà sí páìpù gbígbóná. A tú bátìrì fún ìgbà díẹ̀ kí àpótí náà lè gbàgbé ohun tó ti mọ̀. Nígbà tí mo ṣíná fún ọkọ̀, iná náà tàn, ó sì kú. Kò sí tépù lójú rẹ̀.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlàájì lọ sí Tchamba, a sì padà. A tún lọ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Epo gbé wa lọ, ó gbé wa bọ̀, ó ṣẹ́kù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájì lórí ìdúró, ní Tem, títí dórí tépù. Ó jókòó sórí táyà kan, ó ń wo sọ́ńdì tó kú náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mo mú kó búra," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìwọ lo máa mú mi lọ sí ìlú yín."

Nígbà tí Ọ̀gá Bukarí dé tó gbọ́, kò lé mi. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò fi pè mí ní Ànàgó, tí kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn.

Ọkọ̀ yẹn náà la gbé lọ sí Kambolé. Lèmọ́ọ̀mù ti ránṣẹ́ pe Tọ́ńtọ̀n láti oko, ó sì wá, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nítòsí bàtà àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìrun parí, Àlàájì dìde nínú àgbàlá mọ́sálásí, ó ní kí n máa túmọ̀ ohun tí òun ń sọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ èdè yẹn. N kò mọ̀ pé ibi tí mo máa lò ó nìyí.

"Ó ní òótọ́ ni ìbúra ọkùnrin yìí," ni mo wí fún wọn. "Ó ní òun lòun purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yà ọkọ̀ kan tó bàjẹ́ ló ń mu epo, kì í ṣe ènìyàn. Ó ní kí Ràímì dárí jì òun níwájú gbogbo yín, nítorí pé níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn lòun ti bà á lórúkọ jẹ́."

Àlàájì sọ tirẹ̀ tán, ó sì wò mí. Kò mẹ́nu ba ti tépù. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo rí ìyá mi láàárín àwọn obìnrin lápá kan. Mo sọ ọ́. Mo ní iná kan wà tí ì bá ti kìlọ̀ fún wa, pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bò ó, pé mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń purọ́ mọ́ Tọ́ńtọ̀n tí n kò la ẹnu mi.

Tọ́ńtọ̀n dìde, ó bọ Àlàájì lọ́wọ́, ó ní òun ti dárí jì í. Nígbà tí Àlàájì na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i, ó rọra pa ọwọ́ Àlàájì dé mọ́ ọn, ó sì dúpẹ́. Àwọn ènìyàn wá ń dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó yí sí mi. Ó ní kí n fi nǹkan náà han òun. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú iyanrìn, mo nàka sí i lára páìpù. Ó wò ó pẹ́.

"Nǹkan tó kéré báyìí," ló wí. Ó tún ní, "Ọjọ́ tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé iná kú, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù Ọ̀gá ló bà mí, Tọ́ńtọ̀n."

Ó mi orí. "Mo mọ̀. Ẹ̀rù Àlàájì ló ba èmi náà tí mo fi lọ búra. N kò ṣe nǹkan kan, kò sì yẹ kí n gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì. Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe ti ọkọ̀."

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó ti dìde, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní òun ṣì ní ebè láti kọ kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá mi ní kó dúró jẹun ná, Tọ́ńtọ̀n ní òun á jẹ ní oko.

Nígbà tí a ń padà lọ, a bá a ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Tchamba, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ń rìn létí ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlàájì, tó ń wa ọkọ̀, rọra kọjá kí eruku má baà bò ó. Tọ́ńtọ̀n dúró, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí a ṣe ń lọ, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ó ń wà á, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Kò padà wa ọkọ̀ mọ́ títí ó fi kú. N kò bi í rí bóyá èmi ló juwọ́ sí lọ́jọ́ náà, tàbí ọkọ̀.